EEG, NCS, EMG tàbí evoked potential: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń lò fún nǹkan mẹ́ta: iṣan. Okùn tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, iṣan ni. Ẹran tó ń le nígbà tí a bá gbé garawa omi, iṣan ni. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan náà ni. Ìdí nìyí tí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta bí abẹ́rẹ́ fi lè dé ibi àyẹ̀wò, kó ní “iṣan ni wọ́n ní kí n wá yẹ̀ wò”, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ lórí ohun tí kò kan àìsàn rẹ̀. Níhìn-ín, nẹ́ẹ̀fù la ó máa pe okùn tó ń jíṣẹ́, iṣan la ó máa pe ẹran tó ń fà tó sì ń dẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ la ó sì máa pe ti ẹ̀jẹ̀.

Ará Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká la ní lọ́kàn, ẹni tí dókítà ti kọ lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí ìwé fún, tó wá ń rò ó bóyá kí òun ta nǹkan kí òun fi lọ ṣe é. EEG ń tẹ́tí sí iná ọpọlọ, NCS ń yẹ nẹ́ẹ̀fù wò, EMG ń yẹ iṣan wò, evoked potential sì ń wo bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ohun tí ojú, etí tàbí ara bá gbà.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ohun tí àyẹ̀wò náà fẹ́ dáhùn. Ó yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù: ṣé wárápá ni, irú wo sì ni? Ṣé ọrùn ọwọ́ ni nẹ́ẹ̀fù ti fún, àbí ọrùn gan-an? Fọ́ọ̀mù tí kò ní ju orúkọ yín àti orúkọ àyẹ̀wò lọ máa ń bí èsì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Àyẹ̀wò kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe é ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá, yóò ṣi dókítà lọ́nà. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò sọ òótọ́. Ẹ tún wo ibi tí ojú àyẹ̀wò náà kò dé, torí kò sí èyí tó ń rí ohun gbogbo. Owó tẹ̀lé e, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan: owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ti ẹni tó máa sìn yín lọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà tó máa fò yín dá náà wà níbẹ̀. Èyí tó wúwo jù lójú wa ni ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń ka èsì. Ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè tún irin tí wọ́n lẹ̀ síbi tí kò yẹ ṣe.

EEG: iná inú ọpọlọ

Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Títí di òní, bákan náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: irin kéékèèké bí bọ́tìnnì, mọ́kànlélógún nínú ìlànà tó wọ́pọ̀ jù, ni wọ́n ń fi ìpara tó ń gbé iná kọjá lẹ̀ mọ́ awọ orí. Ẹ̀rọ kì í fi iná sí yín lórí rárá. Ó ń tẹ́tí ni. Ohun tó sì ń gbọ́ kéré gan-an, bí 50 microvolt. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, tó jẹ́ 1.5 fólítì, fi ìlọ́po 30,000 jù ú lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí òun ló fà á tí òróró orí, òógùn àti jẹnẹrétọ̀ fi lè ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Tẹkiníṣánnì tó mọṣẹ́ kì í fojú díwọ̀n. Yóò fi téèpù wọn orí láti kòtò tó wà lókè imú, láàárín ojú méjèèjì, dé kókó egungun tó yọ lẹ́yìn orí, yóò sì pín in sí ìdá 10 àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 36 sẹ̀ǹtímítà, àmì àkọ́kọ́ yóò wà ní 3.6 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó tẹ̀lé e yóò fi 7.2 jìnnà sí i. Yóò fi ìpara tó ní yanrìn kúnná ha awọ ibẹ̀ díẹ̀, kó tó lẹ irin mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá irin dì mọ́ awọ dáadáa; 5 kilo-ohm tàbí ohun tó kéré sí i ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ń lo fìlà tí irin ti wà nínú rẹ̀. Ìyẹn yára, àmọ́ fìlà náà gbọ́dọ̀ bá orí mu. Fìlà àgbàlagbà lórí ọmọ ọdún mẹ́ta, àṣedànù ni.

Irun ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù níhìn-ín. Ẹ tú wíìfù, ẹ yọ attachment àti wíìgì kúrò nílé kí ẹ tó wá. Ẹ fi ọṣẹ fọ orí ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi òrí, àdí tàbí ìpara irun kankan sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti wọkọ̀ láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n dá padà nítorí pé dídì tuntun ló wà lórí wọn. Ọmọ tó jẹ́ dàdá kò nílò kí wọ́n fá orí rẹ̀. Tẹkiníṣánnì lè ya irun sí méjì kó fi irin sáàárín, àmọ́ ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́, kí wọ́n lè fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, nítorí ebi ń mú kí ṣúgà ara lọ sílẹ̀, ìyẹn náà sì ń yí àwòrán ìgbì ọpọlọ padà. Ẹ má mu kọfí, ẹ má sì jẹ obì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín oorun kù, kí àgbàlagbà má sùn ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ ṣe é lóòótọ́, torí wárápá sábà máa ń fara hàn nínú EEG nígbà tí oorun bá ń gbé ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má wakọ̀, ẹ má sì dá gun ọ̀kadà lọ lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀. Oògùn wárápá ńkọ́? Ẹ máa lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó, àfi bí dókítà yín bá sọ ohun mìíràn. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dá a dúró “kí àìsàn lè hàn dáadáa” lè bẹ̀rẹ̀ gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró.

Lórí ibùsùn, wọn yóò ní kí ẹ la ojú, kí ẹ pa á dé, wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sí yín lójú, wọn yóò sì ní kí ẹ máa mí gúlegúle fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi mímí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹni tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ ṣe é, nítorí ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fún, ó sì lè fa rọlápá-rọlẹ́sẹ̀. Kí ẹni tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tàbí tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára, má ṣe é náà. Ẹ má retí pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi yín. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Àkọsílẹ̀ tó mọ́ gbọ́dọ̀ tó ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Pẹ̀lú wíwọ̀n orí àti lílẹ irin, ẹ fi wákàtí kan sí méjì sílẹ̀. Iná NEPA ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irin tí kò bá dì mọ́ awọ dáadáa yóò sì gbé ìmìtìtì yẹn sínú ìwé bí ìlà dúdú tó nípọn. Òógùn ń mú kí ìlà náà máa lọ sókè-sódò bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá yàrá náà tutù, bóyá inverter wà, kí iná tó bá lọ má baà gé àkọsílẹ̀ sí méjì. Fóònù yín, ẹ pa á.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù lọ nìyí: EEG tó dára kò sọ pé wárápá kò sí. Nínú àwọn tó ní wárápá lóòótọ́, bí ìdajì ni EEG àkọ́kọ́ ń fi ohun kan hàn lára wọn. Bí wọ́n bá tún un ṣe, tí oorun sì wà nínú rẹ̀, ó lè tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà tí àmì náà ń hàn lára rẹ̀, tí gìrì kò mú rí láyé. Ìtàn bí nǹkan náà ṣe ṣẹlẹ̀ ni dókítà fi ń dájọ́. EEG ń bá a sọ irú rẹ̀, kí wọ́n lè mú oògùn tó bá a mu. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ọmọ iléèwé tó máa ń wò suu fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, tí olùkọ́ ń pè é ní olójú-orun. Bí ó bá ń mí gúlegúle lórí ẹ̀rọ, tí ìgbì ṣonṣo jáde ní ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀rọ̀ ti yé. Oògùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣubú.

Ẹ má sanwó EEG fún orí fífọ́ lásán, fún ọmọ tí kò mọ̀wé, tàbí láti mọ̀ bóyá orí ènìyàn pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìrì ibà tó rọrùn: ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, tí gìrì mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ kan, tó kan gbogbo ara, tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sì jí padà sípò rẹ̀. Ìlànà àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà láti 2011 ni pé kí wọ́n má ṣe EEG fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí a wá ohun tó fa ibà ló yẹ, ibà ẹ̀fọn tàbí ti ọpọlọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má sì rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun.

Fídíò orí fóònù

Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wúlò ju EEG àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí gìrì bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kejì gbé fóònù sókè. Kó gba gbogbo ara, kó tan iná yàrá, kó má gbà á láti ẹ̀yìn. Ojú ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ó là àbí ó pa dé, apá ibo ló yí sí? Kó máa yàwòrán lọ títí ẹni náà yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fi fídíò náà han dókítà nìkan. Ẹ má fi sí orí WhatsApp ẹbí. Ìtọ́ ẹni tí wárápá mú kì í ràn, torí náà kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Bí gìrì bá ń mú léraléra tí oògùn kò ká a, video-EEG ló kàn: ẹ̀rọ àti kámẹ́rà papọ̀ fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò sì pọ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń kọ́kọ́ ṣe.

NCS àti EMG: orúkọ méjì, ìjókòó kan

Ẹsẹ̀ tó ń ta, ọwọ́ tó kú tipiri, ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀, ibí ni ti wọn. NCS ń fi iná kékeré tẹ nẹ́ẹ̀fù lórí awọ, ó sì ń wo bí ó ṣe pẹ́ tó kí iṣẹ́ tó dé òdì kejì. Ó ń ta bí ìgbà tí ènìyàn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá etí tábìlì. EMG ni ti abẹ́rẹ́: abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí kò ní oògùn nínú wọ inú iṣan, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ní ìsinmi àti nígbà tí ẹ bá fún un.

Ìṣirò NCS kò le. Wọ́n tẹ nẹ́ẹ̀fù ní ọrùn ọwọ́, iṣan àtàǹpàkò dáhùn lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ńdì 4. Wọ́n tẹ ẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́, ó dáhùn lẹ́yìn 8. Sẹ̀ǹtímítà 22 ló wà láàárín ibi méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà 22 ní mílísẹ́kọ́ńdì 4 jẹ́ mítà 55 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ọwọ́ yẹ kó tó 50, ti ẹsẹ̀ kó tó 40. Ẹ wò ó: bí téèpù bá yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré, 55 di 60 tàbí 50. Ìdí nìyẹn tí tẹkiníṣánnì tó ń kánjú kò fi dára fún yín.

Òtútù náà ń parọ́. Bí awọ bá fi digírì kan tutù sí i, eré nẹ́ẹ̀fù ń fi bíi mítà méjì dín kù. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ wà ní digírì 32 ó kéré tán, ẹsẹ̀ ní 30. Nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí AC ti ń fẹ́ láti àárọ̀, ọwọ́ lè tutù débi pé nẹ́ẹ̀fù tó yá gágá yóò dà bí aláìsàn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa òrí tàbí ìpara lọ́jọ́ náà, ẹ bọ́ òrùka, ẹ wọ aṣọ tó ká sókè dé orókún àti èjìká. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi warfarin, tàbí bí ẹ̀rọ kan bá wà láyà yín tó ń bá ọkàn lù. Abẹ́rẹ́ náà, ojú yín ni kí wọ́n ti ya ọ̀rá rẹ̀. Ènìyàn kan ló wà fún.

Ọ̀rọ̀ àkókò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ibí ló ti wà. Bí nẹ́ẹ̀fù bá já lónìí, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì máa gbé iṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ bí okùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà. Apá tó ń jíṣẹ́ fún iṣan ń kú tán ní bí ọjọ́ keje, ti ìmọ̀lára ní bí ọjọ́ kọkànlá. Àmì tí abẹ́rẹ́ EMG ń wá nínú iṣan tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ti kú máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó yọ. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí apá rẹ̀ rọ, ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí kẹrin ni kó ṣe é. Bí ó bá ṣe é ní ọjọ́ kẹta, owó lẹ́ẹ̀mejì ni yóò san. Àmọ́ ọgbẹ́ àdá tàbí ti ìgò tó jin, tí ìka kò gbọ́ nǹkan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í dúró de àyẹ̀wò. Iṣẹ́ abẹ ló ń fẹ́ kíákíá.

Ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí, tó kígbe, tó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ láti ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ ti kan nẹ́ẹ̀fù ńlá tó gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. NCS àti EMG ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí kẹrin yóò sọ bí ó ti burú tó. Wọ́n sì sábà máa ń tún un ṣe ní bí oṣù kẹta láti mọ̀ bóyá ó ń hù padà, torí bíi mílímítà kan péré ni nẹ́ẹ̀fù ń hù lójúmọ́. Fisiotẹ́rápì àti bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró kò gbọdọ̀ dúró de èsì kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí i ni kí ó bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì máa rìn, iwájú itan lápá ìta ló yẹ kí wọ́n gún, kì í ṣe ìdí. Ẹ sọ ọ́ ní ẹnu yín, kódà bí nọ́ọ̀sì bá ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Àmọ́ bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ṣàdédé rọ lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, kí ẹ tó ronú NCS, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí. Wọn yóò gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín, kí ọjọ́ 14 tó pé, láti mọ̀ bóyá pólíò ni. Ọ̀fẹ́ ni. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibi pàjáwìrì ni kó lọ, nítorí àìlágbára náà lè dé ibi mímí. NCS ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àìsàn yẹn lè dára pátápátá.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, a kò ní kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ ṣe NCS. Okùn tín-ínrín tí dókítà fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ ní gíráàmù 10, àti irin tó ń dún tí wọ́n ń gbé lé ọmọ ìka ńlá, owó kékeré ni wọ́n, wọ́n sì ń sọ bóyá ẹsẹ̀ wà nínú ewu. NCS kì í rí àwọn nẹ́ẹ̀fù tín-ínrín tó ń gbé oró àti ooru, ibẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè máa jó bí iná kí èsì sì dára. Kì í ṣe irọ́ ni aláìsàn ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo isoniazid fún ikọ́ fée: fítámì B6 ni wọ́n ń fún un, kí wọ́n tó ronú àyẹ̀wò.

Ibi tí NCS ti ń tayọ ni ọrùn ọwọ́. Aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń gún iyán tà, aláboyún: àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ń kú, ó ń jí wọn lóru, wọ́n ń gbọn ọwọ́. Nẹ́ẹ̀fù tó fún ní ọrùn ọwọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìka kékeré ló ń kú, ìgbọ̀nwọ́ ni kí wọ́n wò. Kí wọ́n wọn ọwọ́ méjèèjì, àní bí ẹyọ kan ló ń dùn yín.

Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ pẹ́, irú NCS kan pàtó ló nílò, repetitive stimulation. Wọn yóò tẹ nẹ́ẹ̀fù kan náà léraléra ní ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí agbára iṣan bá ń já wálẹ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, torí NCS ojoojúmọ́ kò ní rí i.

Evoked potential: ojú, etí, ara

Àwọn wọ̀nyí ń wá ohun kékeré tó fara pamọ́ sínú ariwo ọpọlọ, nípa títún ohun kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n sì ṣe ìpíndọ́gba. Ti ojú, VEP, ń lo pátákó aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń yí padà. Ìdáhùn yẹ kó dé ní bíi mílísẹ́kọ́ńdì 100. Ẹ mú awò ojú yín dání. Láìsí i, èsì yóò pẹ́ dé, wọn yóò sì dá nẹ́ẹ̀fù ojú lẹ́bi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn ló so àìsàn kan tó ń ba ẹsẹ̀, ojú àti etí jẹ́ papọ̀ mọ́ májèlé inú pákí tí wọn kò ṣe dáadáa. Fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, VEP àti NCS papọ̀ wúlò.

Ti etí, BAEP, ni a fẹ́ kí àwọn ìyá mọ̀ jù. Ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú ṣe débi pé wọ́n gbé e sábẹ́ iná tàbí pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nẹ́ẹ̀fù etí rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí etí fúnra rẹ̀ sì dára. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi rọ́bà kékeré sínú etí ọmọ ṣe, OAE, kò lè rí èyí. Yóò ní ọmọ ń gbọ́ràn. BAEP nìkan ló ń tọ ohùn náà láti etí dé inú ọpọlọ. Wọ́n ń ta ohùn bíi 1,000 sí 2,000 sí etí kan nígbà tí ọmọ bá sùn. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ilé. Ẹ gbé e dé ibẹ̀ tòun tebi, ẹ fún un lọ́mú níbẹ̀, yóò sùn lọ. Àfojúsùn àwọn onímọ̀ etí kárí ayé ni pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé mẹ́fà.

CT àti MRI kò sí nínú ìdíje yìí. Ìrísí ni wọ́n ń yà, kì í ṣe iṣẹ́. Ilé lè dúró kí iná má sí nínú rẹ̀. Gìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà máa ń fẹ́ EEG àti àwòrán ọpọlọ.

Àwọn ohun tí wọ́n ń tà lójú ọjà

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé kiri ibi ìpàdé oògùn, tí wọ́n ń pè ní quantum. Ẹ di irin kan mú, ìwé yóò sì jáde tó ní ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti nẹ́ẹ̀fù yín ń ṣàìsàn, oògùn rẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Irin àtẹ́lẹwọ́ kò lè gbọ́ 50 microvolt tó wà lábẹ́ agbárí. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan. Okùn orí tí wọ́n fi ń wo ìfarabalẹ̀ lórí fóònù ń gbọ́ iná ọpọlọ díẹ̀, àmọ́ irin rẹ̀ kéré jù láti wá wárápá. Ẹ̀rọ TENS ń ta iná sí ara láti dín ìrora kù. Kì í wọn ohunkóhun.

Ìgbà tí àyẹ̀wò kan kò pọn dandan

Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kọ nípa àìsàn kan tó ń yọjú nígbà òjò: ara ẹni tó le lánàá yóò máa gbọ̀n, kò ní lè rìn gbọọrọ. Àwọn olùwádìí láti Ilé-Ifẹ̀ so ó mọ́ jíjẹ ìdin Anaphe ní àwọn ọdún 1990, kòkòrò tí a fi òwú rẹ̀ ń hun sányán, nínú àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní fítámì B1 tó. Ìdin náà ń ba B1 jẹ́ nínú ara. Kò sí irin kankan lórí tó lè sọ èyí, “kí lẹ jẹ?” ló ń sọ ọ́, fítámì B1 ló sì ń wò ó.

Owó àti ibi tí ẹ máa lọ

Bí a bá tò wọ́n, EEG lásán ló sábà máa ń rọjú jù, NCS pẹ̀lú EMG tẹ̀lé e torí iye apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò ni wọ́n ń kà, MRI ló wọ́n jù. Ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, bíi 30 kìlómítà síra wọn. UCH ní Ìbàdàn wà fún ohun tó bá kọjá agbára ibí. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ pe yàrá àyẹ̀wò náà, kì í ṣe tábìlì iwájú. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lónìí, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe ti ọmọdé, bóyá owó ẹni tó máa ka èsì wà nínú iye tí wọ́n dá, àti bóyá dókítà ọpọlọ ni yóò kà á. Ẹ béèrè bóyá ìwé ìlera NHIA tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yín bo apá kan. Èsì EEG tó dára gbọ́dọ̀ sọ bí àkọsílẹ̀ ṣe pẹ́ tó, bóyá aláìsàn sùn, bóyá ó mí gúlegúle, bóyá wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Èsì NCS gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti bí awọ ṣe gbóná tó. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín, ẹ má fi sílẹ̀ nínú fáìlì.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí gìrì bá ti mú yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìsí ibà, fídíò fóònù ni ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà EEG tó ní oorun nínú. Bí ọmọ yín bá ń wò suu, EEG tí mímí gúlegúle wà nínú rẹ̀, àfi tí genotype bá lòdì sí i. Bí owó yín kò bá tó EEG, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lórí ìtàn tó yè kooro. Ẹ má jókòó sílé torí àyẹ̀wò.

Bí ìka mẹ́ta bá ń kú lóru, tí fífi igi tẹ́ ọrùn ọwọ́ ró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ràn án lọ́wọ́, NCS ọwọ́ méjèèjì. EMG lè má pọn dandan. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí abẹ́rẹ́, NCS pẹ̀lú EMG ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fisiotẹ́rápì láti ọjọ́ kìíní. Bí àbààwọ́n kan bá wà lára tí kò gbọ́ nǹkan, tí nẹ́ẹ̀fù sì wú lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́, ẹ lọ sí ibi ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀, níbi tí oògùn ti jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ tó lọ síbi ẹ̀rọ kankan. Àtọ̀gbẹ: àyẹ̀wò àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́dọọdún, NCS bí nǹkan bá rú dókítà lójú.

Ọmọ tí ibà pọ́njú ṣe gan-an, BAEP ni, kó tó pé oṣù mẹ́ta. Bí ó tilẹ̀ ń yí orí sí ìró ìlẹ̀kùn, ẹ gbé e lọ.